Ọgbẹ́ Inú àti Egungun Àwọn Ìyá Wa

Ohun méjì ni àwọn ìyá wa ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó a máa ráhùn sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọjá 50 ọdún. Èkíní ni inú: inú tí ń ta, àyà tí ń jó bí ẹni tí ó gbé ata mì, àti oúnjẹ díẹ̀ tí í kún ikùn bí ẹni pé odindi iyán ni ènìyàn jẹ. Èkejì ni egungun: ẹ̀yìn tí ń ro, ìbàdí tí ń fà, àti orúnkún tí kò fẹ́ gbé ènìyàn dìde nígbà tí a bá ní kí ìjọ dìde kọrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ka méjèèjì sí àrùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí kò bá ara wọn tan. Wọn a ra oògùn inú lọ́wọ́ ẹnì kan, wọn a ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ ẹlòmíràn, wọn a sì lò wọ́n pọ̀. Ṣùgbọ́n láti nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ púpọ̀ ti ń béèrè bóyá kò sí ọ̀nà ẹ̀bùrú kan láti inú ikùn dé inú egungun. Ọ̀nà náà wà, òǹkàwé mi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni ó fìdí múlẹ̀. Ní tiwa níhìn-ín, ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù jù lójú ọ̀nà náà kì í ṣe kòkòrò àrùn, bí kò ṣe ọ̀rá oògùn kékeré tí a ń rà ní ìgboro.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí kòkòrò náà, nítorí ìtàn rẹ̀ dára láti gbọ́. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, àwọn oníṣègùn gbà pé ìrònú, ata, ọtí àti omi kíkan inú ikùn ni ó ń dá ọgbẹ́ sí inú ènìyàn. Ní ọdún 1979, ní ìlú Perth ní ilẹ̀ Ọsirélíà, dókítà kan tí a ń pè ní Robin Warren, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi ẹ̀rọ tí í mú ohun kékeré tóbi yẹ ẹran ara wò, rí àwọn kòkòrò tí ó lọ́ bí ìtàkùn lára awọ ikùn àwọn aláìsàn. Àwọn ènìyàn kò kà á sí, nítorí ohun tí a fi kọ́ wọn ni pé kò sí ohun alààyè tí ó lè gbé inú omi tí ó kan tó bẹ́ẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan, Barry Marshall, dara pọ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń gbìyànjú láti gbin kòkòrò náà sínú àwo bí àgbẹ̀ ti í gbin irúgbìn, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ méjì bá ti kọjá tí wọn kò rí nǹkan kan, a ó da àwo náà nù. Ní ọdún 1982, ìsinmi Àjíǹde dé, àwọn òṣìṣẹ́ lọ sí ilé wọn, a sì fi àwo kan sílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tí wọn yóò fi padà dé, kòkòrò náà ti hù. Ẹni tí ó ti gbin obì rí kì yóò ṣe ìyanu púpọ̀: irúgbìn kan ń bẹ tí kì í tètè yọ orí.

Síbẹ̀ ayé kò gbà á gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall fúnra rẹ̀ mu omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rú, ó ń bì, èémí rẹ̀ sì ń rùn. Nígbà tí wọ́n yẹ inú rẹ̀ wò, awọ ikùn rẹ̀ ti wú. A kò gba ẹnikẹ́ni ní ìmọ̀ràn láti ṣe irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2005, a fún òun àti Warren ní ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí. Warren kú ní ọdún 2024.

Helicobacter pylori ni orúkọ tí a fún kòkòrò náà. Ikùn ènìyàn a máa sun omi kíkan láti fi da oúnjẹ àti láti fi pa ohun búburú tí ó bá bá oúnjẹ wọlé. Kòkòrò yìí kì í kú sínú rẹ̀. Ó ní èròjà kan tí ó fi ń pa kíkan omi náà ní àyíká ara rẹ̀, bí ẹni tí ó bu eérú sínú ohun kíkan. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú ohun yíyọ̀ bí ọbẹ̀ ilá tí ó bo awọ ikùn, yóò sì máa gbé ibẹ̀ fún 40 tàbí 50 ọdún bí a kò bá fi oògùn lé e. Ní ara ọ̀pọ̀ ènìyàn, awọ ikùn a kàn wú kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láìsí ìrora. Ní ara àwọn díẹ̀, a di ọgbẹ́. Ní ara àwọn tí ó kéré sí i, a di jẹjẹrẹ. Nítorí èyí ni àjọ tí ń wádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi kà á mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé wọ́n ń fa àrùn náà ní ọdún 1994.

Bí a bá kó gbogbo ènìyàn ayé jọ, àwọn tí ó ní in súnmọ́ ìdajì. Lọ́dọ̀ wa, ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn dókítà ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní Ìbàdàn yẹ ikùn àwọn tí inú ń ta wò, wọ́n rí i lára èyí tí ó ju ìdajì wọn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Stella Smith, ní ilé ìwádìí ìṣègùn ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà ní ìlú Èkó, ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí irú kòkòrò yìí tí ó wà ní Nàìjíríà, ìwádìí sì fi hàn pé púpọ̀ nínú wọn ni ó ní àmì kan tí a ń pè ní CagA. Ẹ rántí orúkọ àmì yìí, nítorí a ó tún kàn án níwájú.

Ìgbà èwe ni a sábà máa ń kó kòkòrò náà. Ẹnu, èébì àti ìgbẹ́ ni ó ń gbà kọjá láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, pàápàá nínú ilé tí èrò pọ̀ sí tí omi sì ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà kì í ṣe àrùn ìtìjú, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àfiṣe ọ̀tá. Ìyá tí inú ń ta lónìí lè ti kó o lára ìyá tirẹ̀ kí ó tó mọ̀ ọ́n rìn, kí òun náà sì ti fi ran ọmọ rẹ̀, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wọn mọ̀.

Ó wá kù sí ti egungun. Àwọn kan rò pé egungun dà bí òkúta tí a kó sínú ẹran ara, tí ó kàn wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ikú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun alààyè ni egungun, àwọn òṣìṣẹ́ oríṣi méjì ni ó sì wà nínú rẹ̀ tọ̀sán-tòru: àwọn kan ń wó ògiri tí ó ti gbó, àwọn kan ń mọ tuntun sí ipò rẹ̀. Nígbà èwe, àwọn amọlé ni ó ń borí. Nígbà tí ènìyàn bá tó bí 30 ọdún, egungun rẹ̀ ti le dé ibi tí yóò le dé. Lẹ́yìn èyí, ìwó àti ìmọ a máa bá ara wọn dọ́gba fún ìgbà díẹ̀. Lára obìnrin, èròjà kan wà tí ẹyin inú rẹ̀ ń ṣe, tí í fi ìjánu sí ẹnu àwọn awólé. Nígbà tí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró, nǹkan bí ọdún 50, èròjà yìí a fà sẹ́yìn, ìjánu a sì bọ́. Ní ọdún mélòó kan tí ó tẹ̀lé e, egungun a máa yára fúyẹ́, bí afárá oyin tí ihò rẹ̀ ń gbòòrò tí ògiri rẹ̀ sì ń tín-ín-rín. Ọkùnrin náà ń rí i, ṣùgbọ́n a pẹ́ kí ó tó dé bá a.

Níhìn-ín ni mo fẹ́ kí àwọn ìyá fetí sílẹ̀, nítorí àṣìgbọ́ pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Egungun tí ń fúyẹ́ kì í dunni. Orúnkún tí ń ro ní òwúrọ̀, èyí tí àwọn baba wa ń pè ní làkúrègbé, oríkèé ni ó ń bá jà. Ọ̀tọ̀ ni òun. Obìnrin lè ní làkúrègbé kí egungun rẹ̀ sì le bí irin. Òmíràn lè máa rìn fáàárí lọ sí Odòsídà láìsí ìrora kankan, kí egungun rẹ̀ sì ti di ẹlẹ́gẹ́ nínú. Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kí ènìyàn ṣubú ní ìdúró lásán kí ọrùn ọwọ́ tàbí ìbàdí rẹ̀ sì ṣẹ́, tàbí kí ẹ̀yìn ìyá àgbà máa tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ kí gíga rẹ̀ sì máa dínkù. A sábà máa ń sọ pé ọjọ́ orí ni ó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ni ó ti rún wọ inú ara wọn láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀.

Báwo ni ikùn ṣe wá lè kan egungun? Ọ̀nà náà ju ẹyọ kan lọ. Ohun tí ó mú egungun le ni èròjà tí a ń pè ní kálísíọ́mù, òun náà ni ó wà nínú ẹfun àti nínú ìkarahun ìgbín. Ẹ mú ìkarahun ìgbín, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí: ẹ ó rí i bí ó ti ń hó. Kíkan omi ọsàn ni ó ń yọ́ kálísíọ́mù inú ìkarahun náà. Irú iṣẹ́ yìí ni omi kíkan inú ikùn ń ṣe sí kálísíọ́mù kan tí a bá gbé mì, pàápàá irú tí a fi ẹfun ṣe sí oògùn oníhóró, kí ara tó lè gbà á. Bí kòkòrò náà bá ti ba awọ ikùn jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi kíkan lè gbẹ, kálísíọ́mù á sì kọjá lọ láìyọ́. Ọ̀nà kejì ni ti ogun tí kò parí. Ara kì í jókòó lásán nígbà tí àlejò búburú bá wà nínú rẹ̀. A máa rán àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ lọ sí ikùn, àwọn ọmọ-ogun wọ̀nyí a sì máa tú àwọn èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi ké sí ara wọn. Àwọn awólé tí ó wà nínú egungun ń gbọ́ igbe náà, wọn a sì mú iṣẹ́ wọn le sí i. A tún rí i pé ikùn tí ó ti bàjẹ́ kì í lè gba fítámì B12 dáradára, èyí sì ń fa àìlágbára àti òòyì; òòyì sì ni ó ń mú àgbà ṣubú.

Èyí ni bí ó ti lè rí. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí ní tòótọ́, ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wádìí rẹ̀ kò ṣọ̀kan. Ní ìlú Siena ní ilẹ̀ Ítálì, àwọn dókítà kọ̀wé ní ọdún 2005 pé àwọn ọkùnrin tí ó ní kòkòrò tí ó ní àmì CagA wà nínú ewu pé kí egungun wọn fúyẹ́. Ní ọdún 2007, àwọn ará Brazil yẹ àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn ti dúró wò, wọn kò sì rí i pé kòkòrò náà dín egungun wọn kù. Ní ọdún 2021, àwọn ará Siena tún dé: wọ́n ti ń ṣọ́ àwọn àgbà, ọkùnrin àti obìnrin, fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé egungun àwọn tí ó ní irú tí ó ní CagA ń ṣẹ́ ju ti àwọn yòókù lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí èyí pá yín láyà. Ẹni tí ó ní kòkòrò náà sábà máa ń jẹ́ ẹni tí ó dàgbà nínú ìṣẹ́, tí oúnjẹ rẹ̀ kò sì dára, ó sì ṣòro láti mọ èyí tí ó jẹ egungun rẹ̀ nínú kòkòrò àti ebi. Kò sí ẹ̀rí tí ó tó láti sọ pé kí a pa kòkòrò yìí nítorí egungun nìkan. Èmi ní tèmi gbà pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni olórí ọ̀rọ̀.

Nítorí ẹ wo ohun ìyanu yìí. Bí kòkòrò náà bá ń jẹ egungun tó bí àwọn kan ti ń sọ, ilẹ̀ wa ni ó yẹ kí egungun ti máa ṣẹ́ jù ní gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1991, A. O. Adebajo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà wé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rí i pé ìbàdí àti ọrùn ọwọ́ àgbà kì í ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa tó bí ó ti ń ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bákan náà ni ó rí ní ti jẹjẹrẹ inú ikùn: ní ọdún 1992, C. Holcombe, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ní Màídúgùrí, pe àkíyèsí ayé sí i pé kòkòrò náà wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Áfríkà, síbẹ̀ jẹjẹrẹ ikùn kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ó pè é ní àlọ́ Áfríkà. Àwọn kan ń sọ pé àlọ́ náà kò le tó bẹ́ẹ̀: ọ̀pọ̀ aláìsàn kò dé ilé ìwòsàn tí a ó ti kà wọ́n, ọ̀pọ̀ tí egungun wọn ṣẹ́ ni ó lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń to egungun ní ìgbèríko, àti pé láyé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í pẹ́ láyé dé ọjọ́ orí tí egungun fi ń ṣẹ́. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹrù gbígbé, oko ríro àti iyán gígún ti mú egungun àwọn ìyá wa le, nítorí egungun a máa le sí i bí a bá ń fi ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa ń pẹ́ láyé sí i nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ sì ti kúrò ní oko wá sí ìgboro Àkúrẹ́ láti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ohun tí ó dáàbò bo àwọn ìyá tiwọn lè má dáàbò bò wọ́n.

Ohun kan dájú nípa egungun ní ilẹ̀ wa ju ti kòkòrò lọ, òun ni pé oúnjẹ wa kò ní kálísíọ́mù tó. Ní Jọ́ọ̀sì, T. D. Thacher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọ́jú 123 ọmọ tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ nítorí egungun rírọ̀, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1999. Ní ilẹ̀ òyìnbó, àìtó oòrùn àti àìtó fítámì D ni a mọ̀ sí ohun tí ń fa àrùn yìí; ṣùgbọ́n ta ni oòrùn kò pa ní Nàìjíríà? Àwọn ọmọ tí wọ́n fún ní kálísíọ́mù, ní òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì náà, ni ó sàn ju àwọn tí wọ́n fún ní fítámì nìkan lọ. Kálísíọ́mù tí àwọn ọmọ náà ń rí jẹ ní ojúmọ́ kò ju nǹkan bí 200 mílígíráàmù lọ. Obìnrin tí ó ti kọjá 50 ọdún nílò nǹkan bí 1,000 sí 1,200.

Iyán, ẹ̀bà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń yó ni, ṣùgbọ́n kálísíọ́mù inú wọn kò tó nǹkan. Inú ọbẹ̀ ni kí a ti wá a. Ẹja wẹ́wẹ́ gbígbẹ tí a ń jẹ tòun-tegungun dára ju ẹja ńlá tí a yọ egungun rẹ̀ sọnù lọ, owó rẹ̀ sì kéré; ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú edé mọ́ ata. Ewédú, ewúro àti ewé mòríńgà dára, bẹ́ẹ̀ ni yànmọ̀tí. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri wà lára àwọn tí ó dára jù, bí a bá tún un sè. Àwa náà ní ewúrẹ́ káàkiri ojúlé, a kò sì jẹ́ fún wàrà wọn. N kò tíì rí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Àgbẹ̀ tí ó ní kòkó kò gbọdọ̀ fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ fún kòkó, kí ó fi àyè ẹ̀fọ́ sílẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé fún ìyàwó rẹ̀. Ẹni tí dókítà bá fún ní hóró kálísíọ́mù, kí ó máa lò ó pẹ̀lú oúnjẹ, nítorí ìgbà tí a bá ń jẹun ni omi kíkan ń sun jù.

Ọ̀rọ̀ wá dé orí ọ̀rá oògùn tí mo dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú obìnrin kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ó ń ta ọjà ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, ó sì ti pé 58 ọdún. Orúnkún ń ro ó. Ẹnì kan ní ibùdó ọkọ̀ bá a di hóró mẹ́rin tàbí márùn-ún tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra sínú ọ̀rá, ó ní kí ó máa lò ó ní àárọ̀ àti ní alẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ara ti tù ú pátápátá. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, oúnjẹ ń wù ú jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, àwọn ènìyàn sì ń kí i pé ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ó lọ ra oògùn olómi funfun, lẹ́yìn náà ó ra omeprazole, ó sì ń lò ó láti ọdún dé ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni ó wà nínú ọ̀rá náà? Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, oògùn bí ibuprofen, diclofenac tàbí piroxicam a máa wà níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń pa ìrora, ṣùgbọ́n wọn a máa bó awọ ikùn. Àwọn àti Helicobacter pylori ni olórí ohun méjì tí ń dá ọgbẹ́ sí inú ènìyàn, nígbà tí wọ́n bá sì pàdé nínú ikùn kan náà, ewu náà di púpọ̀. Nígbà mìíràn, dexamethasone tàbí prednisolone náà a máa wà níbẹ̀, òun sì ni ó ń mú ara tù ní wàrà-wàrà, tí ó sì ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún. Oògùn tí ó níye lórí ni nígbà tí dókítà bá fún ni fún àrùn tí ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lò ó fún oṣù púpọ̀ ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ wó egungun rẹ̀, nítorí ó ń dá àwọn amọlé dúró lẹ́nu iṣẹ́. Kò sí iyèméjì nínú èyí bí ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ kòkòrò. Gbogbo oníṣègùn ni ó gbà á. Oògùn inú tí obìnrin náà wá ń lò lé e lórí kò ṣàìní ti ara rẹ̀: ní ọdún 2010, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣọ́ oògùn kìlọ̀ pé lílo irú omeprazole fún ìgbà pípẹ́ tàbí ní ìwọ̀n púpọ̀ lè bá egungun ṣíṣẹ́ rìn. Báyìí ni obìnrin tí ó lọ ra oògùn nítorí orúnkún fi ba inú jẹ́, tí ó tún fi oògùn inú àti oògùn ara ríro fún egungun rẹ̀ ní ìyà ìlọ́po méjì.

Ẹ̀yin yèyé wa, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ti ń lo irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí ó má ṣe dá a dúró lójijì lẹ́yìn tí ó bá ka ìwé yìí, nítorí ara tí dexamethasone ti mọ́ lára lè dákú bí a bá já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kí ó kó ọ̀rá náà lọ́wọ́, kí ó fi han dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí dókítà fún ní omeprazole nítorí ìdí kan, kí ó béèrè bí yóò ti pẹ́ tó, kí ó má ṣe dá a dúró fúnra rẹ̀.

Ní ti kòkòrò náà, àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. A lè yẹ ìgbẹ́ wò, a lè yẹ èémí wò, a sì lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ti ẹ̀jẹ̀ ni ó wọ́pọ̀ ní àwọn ilé àyẹ̀wò kékeré, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: kò mọ ogun tí ó ti parí yàtọ̀ sí èyí tí a ń jà lọ́wọ́, ó sì lè sọ pé kòkòrò wà lára ẹni tí ó ti sàn tipẹ́. Ti ìgbẹ́ tàbí ti èémí ni kí ẹ béèrè fún bí ó bá wà. Ẹni tí ń lo omeprazole yóò fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, bí dókítà bá gbà bẹ́ẹ̀, kí àyẹ̀wò náà má bàa tàn án. Ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, èyí tí a dá sílẹ̀ ní Oǹdó ní ọdún 2015, wà ní Oǹdó àti ní Àkúrẹ́, àwọn dókítà inú àti ti egungun sì wà níbẹ̀ tí a lè bi léèrè. Bí a bá rí kòkòrò náà, oògùn méjì tí ń pa kòkòrò pẹ̀lú èyí tí ń dín omi kíkan kù ni a sábà máa ń lò pọ̀ fún ọjọ́ 14. Ẹni tí ó bá lò ó fún ọjọ́ márùn-ún tí ara tù ú, tí ó sì tọ́jú ìyókù fún ọmọ rẹ̀, kò pa kòkòrò náà, ó kọ́ ọ bí a ti í sá fún oògùn ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Flagyl nìyẹn: a ti lò ó fún ìgbẹ́ gbuuru láìtọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò tí ó wà ní Nàìjíríà kò sì bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn tí oògùn bá parí, kí a dúró tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a tún àyẹ̀wò ṣe.

Nínú ilé, kí a gbẹ́ kànga jìnnà sí ṣalángá, kí a sì gbé e sí apá òkè bí ilẹ̀ bá dagun. Kí a se omi mímu. Kí gbogbo ọwọ́ tí yóò bọ inú abọ́ kan náà ti kan ọṣẹ àti omi. Ìyá tàbí ìyá àgbà tí ń rún oúnjẹ lẹ́nu kí ó tó fi í sí ẹnu ọmọ, ìfẹ́ ni ó ń ṣe, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kí ó fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ nínú àwo dípò ẹnu rẹ̀.

Ẹni tí ó bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ òru. Ẹni tí ó ń rù láìnídìí, tí oúnjẹ kò sì lọ mọ́ ní ọ̀fun, kí ó má ṣe dúró de ìsinmi oṣù tí ń bọ̀. Bí ìyá àgbà bá sì ṣubú, tí kò lè fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀, tí ẹsẹ̀ kan sì kúrú ju èkejì tàbí tí ó yí sí ìta, ìbàdí rẹ̀ ni ó ti ṣẹ́. Ẹ má ṣe fà á, ẹ má ṣe fi òrí wọ́ ọ. Ẹ fi aṣọ dì ẹsẹ̀ náà mọ́ èkejì rọra, kí ẹ sì gbé e lórí pákó gbọọrọ lọ sí ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú.